Oorun Ọmọ Láàárín Ariwo

Kíláàsì àti àkòrí
SS 2, Ìtọ́jú Ilé. Ọmọ tí oorun gbé lọ lójijì nígbà tí ariwo, iná àti èrò pọ̀ jù fún un.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀
Láti Ìkọ̀lé dé Ìdó ní Èkìtì, kò sẹ́ni tí kò rí irú oorun yìí rí. Ìlù ń dún lọ́dún Ògún ní Ìrè, tàbí wọ́n to sípíkà síbi ìsìnkú àgbà ní Ọ̀yẹ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ń wò rá-rà-rá, ara rẹ̀ ta gìrì, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sùn fọnfọn. Àwọn àgbà á ní ìlù ló dùn mọ́ ọn. Kí olùkọ́ jẹ́ kí kíláàsì sọ tiwọn ná. Bí ẹnì kan bá sọ pé àbúrò òun jí gbàrà tí wọ́n gbé e délé tó parọ́rọ́, tó sì ké títí, kí olùkọ́ kọ ìyẹn sójú pátákó, torí òun gan-an la fẹ́ tú wò.

Àlàyé
Ọmọ ọwọ́ kò lè fọwọ́ di etí, kò sì lè dìde kúrò níbẹ̀. Agbára rẹ̀ kò ju kó gbójú kúrò, kó yán, kó ké tàbí kó sùn. Dókítà T. Berry Brazelton, ará Amẹ́ríkà, gbé ìlànà àyẹ̀wò ọmọ tuntun jáde ní 1973. Nínú rẹ̀, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sójú ọmọ tó ń sùn, wọ́n á mi ṣaworo, wọ́n á lu agogo, léraléra. Lákọ̀ọ́kọ́ ara rẹ̀ á ta gìrì. Bó bá yá, kò ní mira mọ́. Ọpọlọ ti ti ilẹ̀kùn. Brazelton tilẹ̀ rí ọmọ tó dà bí ẹni tó sùn lọ lábẹ́ iná àti ariwo, tó figbe ta nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Thalamus, láàárín ọpọlọ, ni ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn máa ń gbà kọjá. Bí oorun bá dé, ìwọ̀nba ló ń jẹ́ kó wọlé. Ṣùgbọ́n etí fúnra rẹ̀ kò sùn: ariwo sípíkà ṣì lè pa á lára. Nítorí náà, oorun ọmọ kọ́ ni ẹ̀rí pé ibẹ̀ tù ú lára.

Nínú kíláàsì
Àwọn ọmọ kan tó ní ọ́tísìmù, àti àwọn mìíràn tí ariwo tètè máa ń sú, lè dákẹ́ lójijì, kí wọ́n gbórí lé tábìlì, kí wọ́n sì sùn. Ẹ mú wọn lọ síbi tó dákẹ́. Pàṣán ti yá àwa olùkọ́ lọ́wọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó jọ ọ́
Ẹni tó dákú kì í tòògbé kó tó ṣubú. Àìsàn gìrì máa ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ le. Àrùn narcolepsy, tí dókítà Gélineau ará Faransé sọ lórúkọ ní 1880, máa ń gbé ènìyàn sùn kódà níbi tó parọ́rọ́. Ẹ̀rín lè mú kí orúnkún àwọn kan tó ní àrùn yìí rọ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò mu ọmú, tí a jí títí tí kò jí, ilé ìwòsàn ló kàn: Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdó.

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Níbi ayẹyẹ tàbí ìsìn tí o bá lọ, wá ọmọ ọwọ́ kan ṣọ́ láìfọwọ́ kàn án. Kọ ohun tó ṣe kó tó sùn, bí sípíkà ṣe jìnnà sí i tó, àti ohun tó ṣe nígbà tí ariwo dúró.