Ọ̀rọ̀ Òṣèlú Níbi Ìkómọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, níbi ìkómọ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọ́n jọ ń jẹun nídìí tábìlì kan dìde síra wọn nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ọbẹ̀ dà sáṣọ ìyá ọmọ. Léèsì funfun ni o!

Mo wà l'Ákùrẹ́ lọ́dún 1983 nígbà tí wọ́n kéde pé Akin Ọmọboríowó ló wọlé gómìnà, pé Adékúnlé Ajásin fìdí rẹmi. Ilé jó, ẹ̀mí lọ, kóòtù ló padà dá Ajásin láre. Bẹ́ẹ̀, igbákejì Ajásin ni Ọmọboríowó tẹ́lẹ̀; abẹ́ àsíá kan náà ni wọ́n jọ wọlé ní 1979. Nítorí wọn, èmi àti aládùúgbò mi kò kí ara wa fọ́dún mẹ́ta.

Tí ẹ bá dé òde, ẹ kọ́kọ́ kí ọlọ́jọ́, ẹ béèrè ará ilé. Bí ẹnìkan bá dá ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀, ẹ fèsì lẹ́ẹ̀kan. Tí ohùn bá ti ń ròkè, ẹ bu omi mu. Mo mọ̀ pé kò rọrùn.

Káàdì ìdìbò yín ńkọ́, ṣé ó wà lọ́wọ́? Ní ìpàdé àdúgbò, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ gọ́tà àti tiransifọ́mà, àwa arúgbó nìkan là ń rí. Ẹ gbé ariwo yẹn wá síbẹ̀. Tí káńsẹ́lọ̀ bá yọjú, ẹ bi í léèrè, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Àga wà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ń bẹ̀rẹ̀.