INÁ PUPA ỌÌLÌ NÍNÚ ỌKỌ̀ TÒKUNBỌ̀: OHUN TÍ Ó Ń SỌ ÀTI BÍ A ṢE LÈ WÁDÌÍ RẸ̀



Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi ń kó irè oko lọ sí ọjà. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ti lò fún ọdún pípẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè mọ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín ti tọ́jú rẹ̀ tó. Nítorí náà, ó yẹ kí ó mọ èdè tí ọkọ̀ náà fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo iná kéékèèké tí ó wà níwájú awakọ̀, ọ̀kan wà tí a gbọ́dọ̀ dá lóhùn lójú ẹsẹ̀. Òun ni iná pupa tí a ya àwòrán agolo ọ́ìlì sí, tí ẹ̀kán kan ń kán ní ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Àgbẹ̀ kan hú ẹ̀gẹ́ kún inú píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, nítorí náà ó ń kánjú lọ sí ibi ẹ̀rọ gàrí. Bí ó ti ń gun òkè, iná pupa yìí tàn. Ó rò pé ọ́ìlì ni ó dín díẹ̀, pé òun yóò rà á bí òun bá dé ọ̀hún, nítorí pé ọ̀nà náà kò ju kìlómítà mẹ́fà lọ mọ́. Kí ó tó rin kìlómítà méjì, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí kan gbà-gbà-gbà, ó sì dákú. Ẹ̀gẹ́ bàjẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, owó tí wọ́n sì bèèrè fún ẹ́ńjìnnì mìíràn ju èrè oko ẹ̀gẹ́ náà lọ. Ì bá ṣe pé ó pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó kọ́kọ́ rí iná, bóyá ọ́ìlì lítà méjì péré ni ì bá rà.

KÍ NI INÁ YÌÍ Ń WÒ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iye ọ́ìlì tí ó kù ni iná yìí ń sọ. Àṣìṣe ni èyí. Ipá tí a fi ń ti ọ́ìlì ni ó ń wò.

Ẹ rántí ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi odò sí oko ẹ̀fọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Asẹ́ wà ní ẹnu ọ̀pá tí a tì bọ inú odò, pọ́ǹpù ń fa omi, ọ̀pá sì ń gbé e lọ sí orí ebè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ́ìlì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Súńpù, ìyẹn àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ni odò rẹ̀. Pọ́ǹpù ọ́ìlì ń fà á gba inú asẹ́, ó ń tì í kọjá nínú fítà, ó sì ń fi ipá gbé e dé àárín irin tí ń yí àti àwọn bẹ́árìn tí ó gbé irin náà dúró. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́ tí ó wà láàrin wọn ni kò jẹ́ kí irin fi ara kan irin.

Bí omi kò bá dé orí ebè pẹ̀lú ipá, àgbẹ̀ mọ ibi tí yóò wò: bóyá odò ti fà, bóyá ewé ti dí asẹ́, bóyá pọ́ǹpù ti gbó, tàbí bóyá ọ̀pá ti lu tí omi fi ń tú dànù lójú ọ̀nà. Ohun mẹ́rin kan náà ni ó ń gba ipá lọ́wọ́ ọ́ìlì: ọ́ìlì tí ó dín jù, asẹ́ tàbí fítà tí ó dí, pọ́ǹpù tí ó gbó, àti bẹ́árìn tí ó ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́ìlì ń sá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ìkarùn-ún ni pé ẹni tí ń mú ìròyìn wá lè purọ́. Súwíìṣì kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí ó ń tan iná náà. Bí òun tàbí wáyà rẹ̀ bá bàjẹ́, iná lè tàn nígbà tí ọ́ìlì kò ṣe ohunkóhun.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, súwíìṣì yìí kì í tan iná àfi bí ipá ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 4 sí 7 psi. psi ni a fi ń ka ipá lórí aago ìwọn, irú èyí tí fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Táyà ọkọ̀ kékeré a máa gba nǹkan bí 30 psi. Ẹ rí i nígbà náà pé bí iná bá fi máa tàn, ipá ọ́ìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

OHUN TÍ A Ó ṢE LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ẹ yà sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí kò léwu, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe wí pé ilé kù díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ipá ọ́ìlì lè bàjẹ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi òkúta há táyà, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí:

(1) Ẹ wọn ọ́ìlì. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí ọ́ìlì lè sàn padà sí ìsàlẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní géèjì, jáde. Ẹ fi àkísà mímọ́ nù ún, ẹ tì í bọlẹ̀ dé ìdí, kí ẹ tún fà á jáde láti wò ó. Àárín àmì méjì tí ó wà lára rẹ̀ ni ó yẹ kí ọ́ìlì wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, nǹkan bí lítà kan ni ó wà láàrin àmì méjèèjì. Bí ọ́ìlì bá ti dín, ẹ bu irú èyí tí ìwé ìlò ọkọ̀ náà sọ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe bù ú kọjá àmì òkè, nítorí irin tí ń yí yóò máa po ó di ìfófòó, ìfófòó kò sì ní ipá.

(2) Ẹ wo ìrísí ọ́ìlì. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ṣàn bí omi, tí ó sì ń rùn bí epo bẹntiróòlù, epo ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì mọ́; ẹ pe mẹkáníìkì. Dúdú tí ọ́ìlì dúdú nìkan kò tó láti fi sọ pé ẹ́ńjìnnì ní àrùn.

(3) Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Ǹjẹ́ ọ́ìlì ń kán? Ǹjẹ́ fítà tàbí ìdérí ihò tí a ń gbà da ọ́ìlì sílẹ̀ kò fún dáadáa? Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ wò ó bóyá rọ́bà fítà àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sì de fítà tuntun lé e lórí. Ọ́ìlì a máa gba ibẹ̀ tú jáde.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ni ó dín, tí ẹ sì ti bù ú sí i, ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Bí iná bá kú láàrin ìṣẹ́jú àáyá 5, tí ẹ kò sì gbọ́ ìró kíkan, ẹ lè máa lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kì í ṣàdédé tán. Ẹ gbọ́dọ̀ wádìí ibi tí ó gbà lọ: bóyá ó ń jò ni, tàbí ẹ́ńjìnnì ń jó o, èyí tí èéfín aláwọ̀ búlúù yóò fi hàn. Bí ọ́ìlì bá pé, tí iná sì ń tàn síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ọkọ̀ náà. Kí ẹ wá ọkọ̀ mìíràn fún ẹrù yín kí ó má baà bàjẹ́.

ÌGBÀ WO NI INÁ Ń TÀN?

Kí ẹ tó lọ bá mẹkáníìkì, ẹ rántí ìgbà tí iná tàn gan-an, nítorí ìgbà náà a máa tọ́ka sí ìdí rẹ̀.

(a) Bí ó bá ń tàn nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè, tí ó ń yí kọ́nà, tàbí tí a tẹ bíréèkì: ọ́ìlì dín ni. Ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, asẹ́ sì ń fa afẹ́fẹ́.

(b) Bí ó bá ń tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tí ọkọ̀ sì dúró sójú kan, ṣùgbọ́n tí ó ń kú bí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ epo: ọ́ìlì ti fẹ́lẹ́ jù, tàbí bẹ́árìn tàbí pọ́ǹpù ti gbó.

(d) Bí ó bá ń tàn nígbà eré nìkan: ó ṣeé ṣe kí ẹrẹ̀ ọ́ìlì àtijọ́ ti dí asẹ́ inú súńpù.

(e) Bí ó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí táyà bọ́ sí kòtò: wáyà tàbí súwíìṣì ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Ìfura nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

IṢẸ́ RÍWÁYÀ ÀTI TI MẸKÁNÍÌKÌ

Nínú ọkọ̀ tí súwíìṣì ọ́ìlì rẹ̀ ní wáyà kan ṣoṣo, àyẹ̀wò wáyà kò le. Kí ríwáyà yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì. Iná yóò tàn. Kí ó yọ wáyà kúrò lórí súwíìṣì. Iná gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, wáyà náà ti bó níbì kan tí ó sì ń kan ara ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí iná wọn lè má tẹ̀lé ìlànà yìí.

Bí wáyà bá dára, ó kù kí a mọ̀ bóyá súwíìṣì ni ó ń purọ́ tàbí ipá ni kò sí. Aago ìwọn nìkan ni ó lè dá ẹjọ́ yìí. Mẹkáníìkì yóò tú súwíìṣì, yóò de aago sí ojú ihò rẹ̀, yóò sì tan ẹ́ńjìnnì. Bí aago kò bá gbéra, kí ó pa á kíá. Bí ó bá gbéra, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kí ó tó kà á. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń lò ni nǹkan bí 10 psi fún ìyípo ẹ́ńjìnnì 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n iye tí ìwé ọkọ̀ náà bá sọ ni abẹ́ gé. Bí ipá bá pé, súwíìṣì tuntun ni oògùn rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì yín palẹ̀ kí ó tó fi aago wọ̀n ọ́n.

Bí ipá kò bá pé, kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré: kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà, lẹ́yìn náà kí a tú súńpù, kí a fọ asẹ́, kí a wo pọ́ǹpù àti fáàfù tí ń dín ipá kù, kí a sì wo bẹ́árìn kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń kan gbà-gbà, bẹ́árìn ni a ó kọ́kọ́ wò.

Àwọn kan a máa bu ọ́ìlì kíki sínú ẹ́ńjìnnì kí iná lè kú. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Iná lè kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́árìn tí ó ti jẹ yóò máa jẹ lọ.

NÍGBÀ TÍ A BÁ FẸ́ RA ỌKỌ̀

Kí ẹ tó san owó, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì. Iná pupa ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, gílóòbù rẹ̀ ti jó, tàbí ẹnì kan ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Iná gbọ́dọ̀ kú láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ̀tàn mìíràn wà: a lè so iná ọ́ìlì mọ́ iná bátìrì kí méjèèjì lè jọ máa kú pọ̀. Kí ríwáyà yín yọ wáyà orí súwíìṣì kí ó lè rí i pé iná kú, kí ó fi í kan irin ara ẹ́ńjìnnì kí ó rí i pé ó tún tàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ wa ọkọ̀ náà fún ìdajì wákàtí kí ó gbóná dáadáa, kí ẹ dúró sójú kan láìpa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tún wo iná náà. Àrùn tí ó sá pamọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù a máa hàn nígbà tí ó bá gbóná.

ÌKÌLỌ̀

Ọ́ìlì gbígbóná a máa jó ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì àlòkù sí oko tàbí sí etí odò, nítorí májèlé ni fún ilẹ̀ àti fún omi mímu. Ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì gbé e fún mẹkáníìkì tí ń kó o jọ.

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ RÁNTÍ

1. Ipá ọ́ìlì ni iná pupa ń wò.
2. Bí ó bá tàn, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tó wádìí.
3. Ẹ wọn ọ́ìlì ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí ìwé ọkọ̀ sọ.
4. Aago ìwọn ni kí ó sọ̀rọ̀ kí a tó tú ẹ́ńjìnnì.
5. Ẹ má ṣe ra ọkọ̀ tí iná ọ́ìlì rẹ̀ kì í tàn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, àfi bí a bá tún un ṣe tí ẹ sì rí i.

Ẹ̀kọ́ yìí kan katakata náà, ó sì kan ẹ́ńjìnnì tí ń yí ẹ̀rọ gàrí. Èyí tí kò ní iná lára wọn, ọ̀pá ìwọn ni kí ẹ máa wò kí iṣẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.