Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ẹnjiníà Tó Ń Kọ Àṣẹ fún Kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà kò ní ọgbọ́n ti ara rẹ̀. Àṣẹ tí ènìyàn bá kọ fún un ni yóò tẹ̀ lé. Àkójọ àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní software. Òun ló ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù tí ẹ fi ń gba owó.

Àwọn tó lè kọ irú àṣẹ yìí pọ̀ lóde. Ṣé gbogbo wọn ni ẹnjiníà? Rárá o. Bíríkìlà mọ búlọ́ọ̀kù tò. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta, ẹnìkan gbọ́dọ̀ yẹ ilẹ̀ wò, kí ó sì ṣírò ohun tí ilé náà yóò gbé. Nítorí irú ọ̀ràn yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe pàdé ní ìlú Garmisch, ní ilẹ̀ Jámánì, ní oṣù kẹwàá ọdún 1968. Iṣẹ́ náà ti ń tóbi ju agbára àwọn tó ń ṣe é lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1996. Àwọn ará Yúróòpù gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kan, Ariane 5, sókè ní Kourou, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Sátẹ́láìtì mẹ́rin ló gbé. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó gbéra, ó yà kúrò lọ́nà, ó sì fọ́ túútúú.

Kí ló fà á? Wọ́n mú apá kan nínú àṣẹ Ariane 4, rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n fi sínú ti tuntun. Àyè kan wà níbẹ̀ fún nọ́ńbà tó jẹ mọ́ eré rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àyè náà kò lè gbà ju 32,767 lọ. Eré Ariane 4 kì í mú un dé ibẹ̀. Eré Ariane 5 pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà náà kún àkúnwọ́sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́ ọ sọ́nà sì dákú. Èkejì tí wọ́n fi pamọ́ ńkọ́? Àṣẹ kan náà ló wà nínú rẹ̀. Òun ló tilẹ̀ kọ́kọ́ dákú! Èyí tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ tí apá àṣẹ náà ń ṣe kò wúlò fún Ariane 5 mọ́ lẹ́yìn tó ti kúrò nílẹ̀.

Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé wọn kò fi irú ọ̀nà tí Ariane 5 yóò gbà dán àṣẹ yìí wò. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ẹnjiníà wà. Kó tó kọ àṣẹ kankan, á béèrè: Ta ni yóò lò ó? Kí ni yóò gbé? Bí ó bá kọṣẹ́ ńkọ́? Á kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. Bí ibi tí a ti ń lò ó bá yí padà, á tún un dán wò, bó ti wù kó ti ṣiṣẹ́ tó tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà kejì kò fi gba rọ́kẹ́ẹ̀tì náà là?
2. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ àṣẹ tí yóò máa ka owó ẹgbẹ́ yín, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún ẹnjiníà?