Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tí Sẹ́ẹ̀lì Fara Tì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ilé ẹyin Drosophila, eṣinṣin kéékèèké orí èso, ẹ má fi ìkánjú ka sẹ́ẹ̀lì. Ibi tó fara tì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ní ṣóńṣó germarium, apá ilé ẹyin tí ẹyin ti ń bẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹyin 2 tàbí 3 ló máa ń fara ti àwọn cap cell, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rán purotéènì Dpp sí wọn bí iṣẹ́. Bí Dpp bá ti dé, á jí purotéènì Mad nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Mad á wọ núkílíọ́sì lọ pa jíìnì bam lẹ́nu mọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ bá pín, ọmọ tó dúró ti cap cell á ṣì máa gba iṣẹ́ náà. Èyí tó bọ́ sẹ́yìn kò rí i gbà tó mọ́, bam á jí nínú rẹ̀, á sì pín lẹ́ẹ̀mẹrin di 16: ọ̀kan á di ẹyin, 15 yòókù á máa bọ́ ọ. Ìbú sẹ́ẹ̀lì kan péré ló la ọmọ méjèèjì náà láàárín! Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ẹ fi ìwúkàrà bọ́ abo eṣinṣin dáadáa kí ẹ tó tú u. Èyí tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò àti èyí tí ẹ fi ń díwọ̀n, kí ọjọ́ orí àti oúnjẹ wọn dọ́gba, torí ebi ń dín bí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ṣe ń pín kù.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí spectrosome, ẹ̀yà kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì, bí àmì róbótó. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń tibẹ̀ ṣìnà: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ cap cell náà ní róbótó tirẹ̀. Ti sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sábà máa ń kọjú sí cap cell.

Ní 1998, Ting Xie àti Allan Spradling fi hàn pé bí Dpp bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì tó jọ ìpìlẹ̀ á kún germarium. Bí bam bá bàjẹ́, bákan náà ni yóò rí lójú. Kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ wá Mad tí a ti jí, ìyẹn pMad. Níbi tí Dpp ti pọ̀ jù, á tàn káàkiri; níbi tí bam ti bàjẹ́, àwọn tó fara ti cap cell nìkan ló máa ń tàn dáadáa nínú wọn. Bí ẹ kò bá tíì wo pMad, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì kọ ọ́ pé jíìnì tí ẹ ń yẹ̀ wò ló ń darí Dpp.