Èèrà Inú Ilé àti ti Inú Ọgbà: Bí A Ṣe Lè Mọ Ìwà Wọn, Kí A sì Kápá Wọn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí kò jìnnà sí òwe náà. Kí a tó gbé ọwọ́ sókè láti pa èèrà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó ń wá.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Àpáta. Ìyá kan rí èèrà lára agolo ṣúgà rẹ̀. Ó ra oògùn kòkòrò tí wọ́n bù sínú ìgò kékeré kan tí kò ní orúkọ lára. Ó wọ́n ọn sí ẹ̀yìn àpótí oúnjẹ, ó sì gbé ìyókù sí abẹ́ tábìlì. Ọmọ ọdún méjì ni ó gbé ìgò náà sẹ́nu. A dúpẹ́ pé wọ́n tètè gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, èèrà tún ti tò sí ara agolo ṣúgà náà. Kí ni ó fà á?

Ìlú àwọn èèrà

Èèrà kì í dá gbé. Nínú ìlú wọn, ìyá kan ni ó ń yé ẹyin. Àwọn irú mìíràn a sì máa ní ju ìyá kan lọ. Àwọn tí a ń rí lójú ọ̀nà ni òṣìṣẹ́, abo sì ni gbogbo wọn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá rí oúnjẹ, yóò máa fi ìdí kan ilẹ̀ bí ó ti ń padà lọ sílé, yóò sì máa fi òórùn kan sílẹ̀ tí imú tiwa kò lè gbọ́. Òórùn yìí ni àwọn yòókù ń tẹ̀ lé, olúkúlùkù sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tò lọ tí wọ́n ń tò bọ̀ lójú ọ̀nà kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹni tí ó pa 100 èèrà lórí tábìlì kò tíì fọwọ́ kan ìlú wọn. Ìyá wọn wà nínú ihò, ọ̀nà wọn sì wà níbẹ̀. Àwọn èèrà wẹ́wẹ́ inú ilé mìíràn tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé, bí a bá fín oògùn lù wọ́n, ìlú wọn yóò pín sí méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka ikán mọ́ èèrà. Ẹbí aáyán ni ikán. Ìbàdí èèrà tín-ín-rín, ti ikán kò rí bẹ́ẹ̀. Èèrà gan-an wà lára àwọn ọ̀tá ikán tí ó le jù lọ.

Ìjàlọ ní tirẹ̀ kì í wá ṣúgà. Ẹran ni ó ń dọdẹ. Òṣìṣẹ́ wọn kò ríran, síbẹ̀ àìmọye wọn a máa rìn pọ̀ bí ọmọ ogun. Bí wọ́n bá ya wọ ilé, wọn yóò pa aáyán àti àwọn kòkòrò mìíràn tí wọ́n bá bá níbẹ̀, wọn yóò sì bá tiwọn lọ. Ewu wọn ni pé wọn kò mọ ohun tí kò lè sá yàtọ̀ sí aáyán. Ẹ tètè gbé ọmọ ọwọ́, aláìsàn àti arúgbó jáde. Ẹ tú ewúrẹ́ tí a so, ẹ sì ṣí ilé adìyẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ilé sílẹ̀ fún wọn títí wọn yóò fi kọjá.

Èèrà àti oko kòkó

Kì í ṣe ìdí ṣúgà nìkan ni èèrà ti ń ṣe wá níbi. Ní ọdún 1936, wọ́n rí àrùn kan lára kòkó ní ilẹ̀ Gold Coast, èyí tí ó di Ghana, tí ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú tí igi fi ń kú. Ní 1944, wọ́n rí àrùn náà ní agbègbè Ìbàdàn wa níhìn-ín. Kòkòrò funfun kéékèèké kan, tí ara rẹ̀ dà bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun lù ú, ni ó ń gbé àrùn náà láti igi dé igi. Kòkòrò yìí a máa fa omi ara igi mu, a sì máa tọ omi dídùn. Èèrà fẹ́ràn omi dídùn yìí, nítorí náà ó ń ṣọ́ kòkòrò náà bí Fúlàní ti ń ṣọ́ màlúù. Ó ń lé ọ̀tá fún un, ó sì ń kọ́ àtíbàbà bò ó. Kò sí oògùn tí ń wo igi tí àrùn náà bá ti mú. Gígé ni wọ́n ń gé e, ó sì dun ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wọ inú egungun.

Ṣùgbọ́n èèrà kan tún wà tí ó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́: èèrà pupa tí ń rán ewé pọ̀ ṣe ilé lórí igi. Ó ń pa àwọn kòkòrò tí ń ba kòkó àti máńgòrò jẹ́. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó ti ju 1,600 ọdún lọ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń lo irú èèrà bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ igi ọsàn. Ẹ má ṣe jó ilé wọn láìnídìí.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀wọ́ èèrà títí dé ihò tí wọ́n ti ń jáde, kí ẹ sì dí i.

2. Ẹ fi omi ọṣẹ nu gbogbo ojú ọ̀nà wọn, kí òórùn tí wọ́n ń tẹ̀ lé lè parẹ́. Èyí ṣe pàtàkì ju pípa wọn lọ.

3. Ẹ kó ṣúgà, oyin, àkàrà àti ẹran sínú ohun tí ó ní ìdérí tí ó le. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwo ìdọ̀tí sun ilẹ̀.

4. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tábìlì oúnjẹ sínú agolo omi, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin sí i.

5. Bí ilé wọn bá wà nínú àgbàlá, ẹ da omi gbígbóná sí i ní àárọ̀, ẹ sì tún un ṣe fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má ṣe dà á sí ìdí ohun ọ̀gbìn.

6. Nínú ọgbà, bí ẹ bá rí èèrà tí ń gun igi, ẹ yẹ abẹ́ ewé wò. Bí kòkòrò funfun bá wà níbẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ wé aṣọ mọ́ ìdí igi, kí ẹ sì fi gíríìsì pa á, kí èèrà má lè gùn ún. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó bá kan ògiri.

Ní ti oògùn olóró

Oògùn oko kì í ṣe oògùn ilé ìdáná. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré ní ọjà, nítorí ẹ̀mí tí ó ń ṣòfò. Ẹ má ṣe ra oògùn tí kò ní ìwé lára, ẹ má sì ṣe bu oògùn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì ṣe fi ipá mú un bì. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn bá ta sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ara rẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti rí ihò èèrà náà báyìí, lẹ́bàá fèrèsé ni ó wà. Sìmẹ́ǹtì ẹ̀kúnwọ́ kan ni ó fi dí i.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Èé ṣe tí pípa èèrà orí tábìlì kò fi tó? Báwo ni èèrà ṣe ń ran àrùn kòkó lọ́wọ́? Níbo ni a ń tọ́jú oògùn olóró sí nínú ilé wa, ǹjẹ́ ọwọ́ ọmọdé lè tó o?