Pákó Wakeskate Wo Ni Kí N Kọ́kọ́ Rà?

ÌBÉÈRÈ

Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo sì ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà ooru tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí Royal Victoria Dock, a rí àwọn èèyàn tí okùn ń fà lórí omi. Wọ́n de ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn mọ́ pákó, àfi ọmọbìnrin kan. Kánfáàsì lásán ló wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀, ó dúró lórí pákó bí ẹni tó dúró lójú títì. Wọ́n ní wakeskate ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ìwẹ̀ ilé eré ìdárayá, ṣùgbọ́n mi ò tíì wọ omi gbangba rí. Ẹnì kan fẹ́ ta àlòkù pákó fún mi, íǹṣì 39 ni gígùn rẹ̀, ó ní kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ òun. Kílógíráàmù 78 ni mo wọ̀n. Ṣé kí n rà á? Kí ni mo tún nílò? Ìyá mi ní Ìbàdàn ti gbọ́ sí i, wọ́n ní kí n má bá odò ṣeré.

Òǹkàwé yín, Woolwich

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má rà á. Pákó náà lè dára gan-an lẹ́sẹ̀ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn, ṣùgbọ́n íǹṣì 39, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 99, kéré jù fún ẹni tó wọn kílógíráàmù 78 tí kò tíì dúró lórí omi rí. Bí pákó bá ṣe kéré tó ni okùn gbọ́dọ̀ ṣe sáré tó kí omi tó lè gbé ọ dúró, eré yẹn gan-an ló sì máa ń já ẹni tó ń kọ́ ọ láyà. Íǹṣì 43 sí 45 ni kí o máa wò. Irú rẹ̀ máa ń wúwo díẹ̀, kì í sì í tètè yí bírí, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù fún ẹsẹ̀ tí kò tíì mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

Síbẹ̀, mi ò ní kí o lọ ra ìyẹn náà lọ́la. Yá a lò ná. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń gùn ún ní Britain sábà máa ń yá èèyàn ní pákó, akoto, ẹ̀wù amúniléfòó àti aṣọ rọ́bà. Kàn pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n ní wakeskate nílẹ̀, torí wakeboard ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí o rí lẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ní ti wakeboard, bàtà líle ló so ẹsẹ̀ mọ́ pákó. Ní ti wakeskate, kò sí ohun tó so ìwọ àti pákó pọ̀ ju ìwúwo ara rẹ, ìdúró rẹ, àti ojú pákó tó ń di àtẹ́lẹsẹ̀ mú. Àwọn tó ti ń gun skateboard lójú títì ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní Florida, láàárín àwọn adágún tó yí Orlando ká, Thomas Horrell wà lára àwọn tó gbé eré náà ga, òun ló sì dá Cassette sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbájú mọ́ pákó wakeskate. Bí o bá fẹ́ rí ibi tí ẹsẹ̀ tí a ò dè lè gbé èèyàn dé, wá fídíò Brian Grubb àti Dominik Preisner níbi tí wọ́n ti ń gùn ún lórí omi oko ìrẹsì onípele ní Banaue, ní Philippines, tí ẹ̀rọ tó ń ká okùn ń fà wọ́n láti orí ipele kan bọ́ sí òmíràn. Ó wù mí títí dòní.

Àǹfààní rẹ̀ fún ìwọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé bí o bá ṣubú, pákó á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kò ní lọ́ orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ. Ewu rẹ̀ ni pé pákó tí kò sí níkàáwọ́ ẹnikẹ́ni lè yí padà kó gbá ọ lójúgun tàbí lójú. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ohun tí a ń wọ̀ sára ni kí owó kọ́kọ́ bá, kí ti pákó dúró dìgbà tó bá yá.

Bá mi kí ìyá wa ní Ìbàdàn. Mi ò ní bá wọn jiyàn, torí omi Lọ́ńdọ̀nù tún ní ewu kan tí odò ilé ò ní, ìyẹn òtútù. Bí èèyàn bá já sínú omi tútù lójijì, èémí rẹ̀ lè dà rú, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ tó. RNLI, àjọ tó ń dóòlà ẹ̀mí lórí omi ní Britain, ń kọ́ aráàlú pé kí ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí má bá omi jà: kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó dojú sókè, kó rọra léfòó títí èémí rẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò. Ẹ̀wù amúniléfòó ló ń mú kí èyí rọrùn. Wo inú rẹ̀, kí o rí i pé wọ́n kọ 50 newton síbẹ̀. Ẹ̀wù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn tó ti mòye máa ń wọ̀, èyí tó ń dáàbò bo egungun ìhà nígbà tí èèyàn bá lu omi. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kò lágbára tó láti gbé èèyàn léfòó. Kò tíì kàn ọ́.

Ní ti aṣọ rọ́bà, èyí tó nípọn tó mìlímítà 3 láyà àti 2 lápá àti lẹ́sẹ̀ tó fún oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Bó bá jẹ́ oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹwàá, wá 5 àti 4. Kó fún ọ dáadáa o. Bí àyè bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tàbí ní ìbàdí, omi tútù á máa wọlé, á máa jáde, aṣọ náà kò sì ní ṣe ọ́ láǹfààní kankan.

Akoto tí wọ́n kọ EN 1385 sí ni kí o rà, torí eré orí omi ni wọ́n ṣe é fún. Má lo ti kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ irun sì wà níbẹ̀. Ṣùkú kò lè wọ abẹ́ akoto láéláé. Kọ́lẹ́sẹ̀ tó tẹ́ mọ́ orí ló dára jù, kí o so ìdí rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn ọrùn. Irun tí o máa gbé lọ sórí omi gan-an ni kí o ní lórí lọ́jọ́ tí o bá ń wọn akoto wò, torí akoto tó bá irun tí a tú mu lè kọ̀ láti wọ irun dídì.

Bàtà kò nira. Kánfáàsì àtijọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ tó sì fẹ́lẹ́ ti tó. Bàtà ìsáré tó nípọn nísàlẹ̀ kò ní jẹ́ kí o mọ ohun tí pákó ń ṣe lábẹ́ rẹ. Fa okùn bàtà le, kí o ki orí rẹ̀ bọnú.

Nígbà tó bá wá kan ríra pákó, ojú rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Oríṣi méjì ló wà: èyí tí wọ́n fi ohun bíi sáńpépà bò, àti èyí tí wọ́n fi fóòmù bò. Sáńpépà ń di bàtà mú gan-an, àmọ́ ó ń bó awọ orúnkún. Fóòmù rọ̀, o lè gùn ún láìwọ bàtà, òun sì ni mo fẹ́ràn fún ẹni tí yóò máa ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà. Pákó onígi tí wọ́n to pọ̀ ní ìpele-ìpele sábà máa ń wúwo díẹ̀ ju àwọn tó ní fóòmù nínú lọ, àmọ́ owó rẹ̀ máa ń rọjú. Bó bá jẹ́ àlòkù, fi èékánná tọ etí rẹ̀ yí ká. Níbi tí igi bá ti wú tàbí tí ìpele rẹ̀ ti ń ṣí, omi ti wọ ibẹ̀, fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Yí i dé, kí o tú ìdè lẹbẹ abẹ́ rẹ̀, kí o tún un dè, kí o mọ̀ bóyá ihò rẹ̀ ṣì ń mú un. Má yọ lẹbẹ yẹn kúrò rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló ń mú kí pákó máa lọ tààrà.

Ibi tí o ti rí wọn ní Royal Victoria Dock dára fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Òpó méjì ni wọ́n na wáyà sí láàárín, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ń wò ọ́, ó sì lè dín eré rẹ̀ kù tàbí kó dá a dúró kíákíá. Àwọn ibi ńlá tó ní òpó márùn-ún tàbí mẹ́fà, irú èyí tí Bruno Rixen ará Jámánì gbé kalẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1950, wáyà wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, eré rẹ̀ sì máa ń súnmọ́ kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Fi ìyẹn sílẹ̀ dìgbà tó bá yá. Bí olùkọ́ bá ní kí o kọ́kọ́ fi wakeboard mọ bí okùn ṣe ń fà, gbà fún un.

Bí ó bá kan wakeskate, fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú omi, ká orúnkún mọ́ àyà, kí pákó wà ní ìbú níwájú rẹ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà lójú rẹ̀. Okùn á fà, omi fúnra rẹ̀ á sì ti pákó mọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Na ọwọ́ gbọọrọ. Ohun tó máa ń bi ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú ni pé wọ́n fẹ́ fa okùn mọ́ra kí wọ́n sì nàró lẹ́ẹ̀kan náà. Má nàró. Jókòó bẹ́ẹ̀ títí pákó á fi gun orí omi, kí o tó wá dìde díẹ̀díẹ̀, kí o yí imú pákó sí ọ̀nà tí okùn ń lọ. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gba ìwúwo díẹ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ kí imú má baà rì. Òpó ni kí o máa wò, má wo ẹsẹ̀ rẹ.

Bí o bá ń ṣubú, ju ọwọ́ okùn sílẹ̀, fi ẹsẹ̀ ti pákó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, kí o sì fi apá bo ojú bí o bá ń yọrí sókè. Bí ara rẹ bá bó, fi bándéèjì tí omi kì í wọ̀ bò ó kí o tó padà sínú omi, kí o sì fọwọ́ kí o tó jẹun, torí ìtọ̀ eku inú omi bẹ́ẹ̀ lè kó àrùn ran èèyàn. Bí ibà bá mú ọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, sọ fún dókítà pé o wọ omi gbangba.

Nítòsí òpó, níbi tí wáyà ti máa yí padà, má gbìyànjú láti yí pẹ̀lú rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Sọ fún ẹni tó ń darí ẹ̀rọ kí o tó wọ omi pé kó dín eré kù níbẹ̀, kó jẹ́ kí o rọra rì. Wàá to ẹsẹ̀ rẹ sórí pákó lákọ̀tun, á sì fà ọ́ padà.