Ìlà Ò Ṣẹ̀ Yín, Ìyá Oníbàtà

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá Oníṣirò, bàtà ọkùnrin ni mò ń tà n'Íbàdàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá ni mo ti ń kọ sáìsì gbogbo bàtà tí mo bá tà sínú ìwé. Àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ rèé: 41, 42, 42, 40, 43, 42, 41, 45, 43, 42. Mo ní kí ọmọ mi tó wà ní JSS 2 bá mi ṣírò gbogbo rẹ̀, kí n lè mọ èyí tí n ó rà wá láti Èkó. Ó fa ìlà bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níléèwé, ó ní àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 57. Bẹ́ẹ̀, bàtà 60 ni mo tà! Mo ti sọ fún un pé ọmọdé ló ń fa ìlà, kò yẹ oníṣòwò. Áàpù wo ni kí n gbé sórí fóònù mi? — Ìyá Oníbàtà, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wá. Inú mi dùn pé ẹ ń kọ ọjà yín sílẹ̀, torí orí lásán ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń ka tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín jà díẹ̀. Ta ló sọ fún yín pé ọmọdé ló ń fa ìlà?

Ìlà tí à ń fà, tí a sì ń dì ní márùn-ún márùn-ún, iṣẹ́ àgbà ni. Márùn-ún márùn-ún làwọn baba ńlá wa ń wọ́ owó ẹyọ sọ́dọ̀ tí wọ́n bá ń kà á. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin di ogún, ogún lọ́nà márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á dé ẹgbàá, ìyẹn 2,000, títí dé ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ka ọ̀kẹ́ kan pé, ṣé ọmọdé nìyẹn?

Kí ló dé tó fi jẹ́ márùn-ún? Ojú wa ló fà á. Ní 1871, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Stanley Jevons, kọ̀wé nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Ó fi bébà funfun tẹ́ inú àpótí kékeré kan, ó bu ẹ̀wà dúdú lọ́wọ́, ó dà á sí ọ̀nà ibẹ̀ kí iyekíye lè bọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ̀wà bá ti dúró jẹ́ẹ́, á sọ iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó wá kà á. Ó ṣe é ju ìgbà 1,000 lọ. Tó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò ṣì í rí. Bó ṣe kan márùn-ún ni àṣìṣe bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀wà sì ṣe ń pọ̀ ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa ìlà mẹ́rin lóòró, tí a ó wá fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ìlà tó dábùú yẹn ni ìkarùn-ún o! Òun náà dúró fún bàtà kan. Ní Brazil, igun mẹ́rin ni wọ́n ń yà, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kan, wọn á wá fa ìkarùn-ún láti igun kan sí èkejì. Àwọn ará Ṣáínà ń lo lẹ́tà wọn kan tó jẹ́ ìlà márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

Ó dáa, níbo ni bàtà mẹ́ta yín wá gbà lọ? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi fìlà mi búra pé ọmọ yín kọ́kọ́ wá gbogbo 40 látòkè délẹ̀, ó padà sókè, ó wá gbogbo 41, ó tún padà. Bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó sì ṣeé ṣe kó fo nǹkan nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń la ìwé kọjá. Ẹ to àwọn sáìsì sí apá òsì, láti orí èyí tó kéré jù. Ẹ wá mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú ìwé, 41. Ẹ fa ìlà kan síwájú 41, kí ẹ sì fi bírò fagi lé nọ́ńbà náà. Ó kan 42: ìlà kan, ẹ fagi lé e. 42 mìíràn: ìlà kan sí i, ẹ fagi lé òun náà. Tí mẹ́wàá tí ẹ kọ sí mi bá tán, àtẹ iye ìgbà yín, èyí tí ọmọ yín ń pè ní frequency table, á rí báyìí:

Sáìsì 40: |  = 1
Sáìsì 41: ||  = 2
Sáìsì 42: ||||  = 4
Sáìsì 43: ||  = 2
Sáìsì 44:  = 0
Sáìsì 45: |  = 1
Àpapọ̀ = 10

Mẹ́wàá ló wà nínú ìwé, mẹ́wàá ló wà lórí àtẹ. Tí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ má tíì rajà o. Tí wọ́n bá sì bára mu, ìlà kan ṣì lè bọ́ síwájú sáìsì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèǹgbè: ẹ̀yin ẹ máa pe nọ́ńbà, kí ọmọ máa fa ìlà.

Ẹ wá wo 44. Òdo ni, mo sì fi í síbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti yọ ọ́ nítorí pé kò ní ìlà kankan. Ṣé kò sẹ́ni tó ń wọ 44 ládùúgbò yín ni, àbí 44 ti tán ní ṣọ́ọ̀bù? Ìwé yín ò lè sọ, torí ohun tí ẹ tà nìkan lẹ ń kọ. Ọkùnrin tó béèrè 44, tí kò rí i, tó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, kò sí nínú ìwé yín rárá. Tí ẹ bá fi irú àkọsílẹ̀ yìí nìkan rajà, ẹ ò ní ra 44, 44 á tún jẹ́ òdo lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ó sì máa sọ pé ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi mí nìyẹn, Ìyá wa. Ẹ ya àtẹ méjì sórí páálí kan: ọ̀kan fún "Mo tà", èkejì fún "Wọ́n béèrè, kò sí". Ẹ gbé e kọ́ sẹ́yìn kántà, kí ẹ so bírò mọ́ ọn. Bí oníbàárà bá ṣe ń kúrò níwájú yín lẹ ó máa fa ìlà tirẹ̀, ẹ ò ní í dúró dìgbà tí oṣù bá parí.

Ní ti áàpù, ẹ gbé èyí tó bá wù yín. Kò sí èyí tó máa ka oníbàárà tí ẹ ò kọ sílẹ̀.

Tí ẹ bá dé Èkó, ẹ ra 44 bíi mẹ́ta kún ọjà yín. Tó bá tà, àtẹ á sọ fún yín. Tí kò bá tà, tí ẹnikẹ́ni ò sì béèrè rẹ̀, a jẹ́ pé òdo tòótọ́ ni òdo yẹn, kí ẹ fi owó yín ra 42.